Ẹ́ńjìnnì Wo Ni Yóò Gbé Ìyá Agbẹ̀bí Dé Àgọ́?

Nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú ìlú fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, Báṣírù ń ta kẹ̀kẹ́, ó sì ń tún un ṣe ní Jápárà, n'Íjẹ̀bú-Igbó. Kò sí ohun tí èèyàn bi í tí kì í dáhùn, ìbáà mọ̀ ọ́n, ìbáà má mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá sì ti wọlé báyìí, á gbé Ìjẹ̀bú rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, Ìyá Zipporah, agbẹ̀bí ìjọ Aládùúrà, obìnrin tó sanra dáadáa, ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá wa," Báṣírù kí i. "Ẹ kú ìrìn. Kí ni a lè ṣe fún yín lónìí?"

"Mo fẹ́ kóo bá mi fi ẹ́ńjìnnì sí kẹ̀kẹ́ yìí. Orúnkún mi ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ ti dé ibi tó yẹ! Mo mọ ẹ́ńjìnnì ju ẹni tó ṣe é lọ."

"Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

"Ẹni tó ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i, ó sì gbé e sọ́kọ̀ ojú omi. Èmi ń rí i lójoojúmọ́. Irú èwo lẹ fẹ́?"

"Olúsànyà, àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábígi, ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ èyí tó máa bá mi kalẹ́, kí n béèrè fún..." Ìyá Zipporah wo òkè àjà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. "Ó ní kí n béèrè fún fọ́-sí-tìróò."

"Fọ́ sí kí ni?"

"Tìróò."

"Kí ló fọ́ sí tìróò, Ìyá?"

"Ìwọ ni kí n bi! Ṣé èmi ni mo ń ta ẹ́ńjìnnì ni? Mo tiẹ̀ ń rò ó bọ̀ lọ́nà pé kí ni tìróò ń wá nínú ẹ́ńjìnnì. Ṣé ojú ló ń dùn ún ni?"

Báṣírù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìyá, fọ́ọ̀-sìtíróòkù ni wọ́n ń pè é. Èdè Òyìnbó ni. Mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń gbéra kó tó ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀lẹ ni! Ẹ gbàgbé rẹ̀. Èyí tó lòde báyìí ni tú-sìtíróòkù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré, iṣẹ́ ti parí."

"Tú sí tìróò?"

"Tú-sìtíróòkù!"

"Àkọ́kọ́ fọ́, èkejì tú." Ìyá Zipporah wo yíká inú ṣọ́ọ̀bù náà. "Báṣírù, ṣé èyí tó ṣì wà lódidi kò sí níbí ni?"

Báṣírù sáré ṣí aṣọ lórí ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó pupa bí osùn, tó ń dán bí ojú dígí. Ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pátápátá, wọ́n fi àpò kòkó bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Báṣírù rọra sún, ó fi ara di í.

"Ẹ wo arẹwà! Ìyá, méjì dára ju mẹ́rin lọ. Ẹ wo èèyàn, ẹsẹ̀ méjì ló ní, òun ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ewúrẹ́ tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, èèkàn ni wọ́n so ó mọ́."

"Ẹṣin ńkọ́?"

"Ẹṣin?"

"Ẹsẹ̀ mélòó ni ẹṣin ní?"

Báṣírù wúkọ́. "Ẹṣin ò wọ́pọ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó, Ìyá."

"Ó dáa. Kí ni arẹwà ń mu?"

"Epo ni, epo mọ́tò. Àmọ́ ẹ ó máa po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn."

"Kí n po òróró mọ́ epo? Ṣé ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sè ni, àbí ìrìn àjò ni mo ń lọ?"

"Ìwọ̀nba ni, Ìyá. Bí òróró bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á gan. Bó bá pọ̀ jù, á máa rú èéfín bí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja l'Ábígi."

"Bí wọ́n bá wá sáré wá pè mí pé obìnrin ń rọbí, ṣé kí n kọ́kọ́ jókòó ti òróró? Kí n ránṣẹ́ sí ọmọ inú pé kó fara balẹ̀, pé n kò tíì rí ife ìwọ̀n?"

"Ẹ lè ti pò ó sílẹ̀ láti ilé, Ìyá."

"Hẹn-ẹ́n. Báwo ló ṣe ń yí kẹ̀kẹ́?"

Ojú Báṣírù tàn. Ibi tó fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. "Ẹ wo rólà yìí, irin róbótó yìí. Á jókòó lé táyà iwájú lórí, á fara tì í. Bí rólà bá ti ń yí, táyà náà á máa yí. Wàhálà ò sí níbẹ̀ rárá. Èyí ò ní ṣéènì!"

"Ó dára tí kò ní ṣeni. Èyí tó máa ń ṣeni wá dà, kí n lè yàgò fún un?"

"Ṣéènì, Ìyá! Mo ní ṣéènì! Irin tó so pẹ́dà mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́!"

"Èyí tó wà lára kẹ̀kẹ́ mi látìgbà tí mo ti rà á? Èyí ò ṣe mí ní nǹkan kan rí o."

Báṣírù fi etí aṣọ nu òógùn. Ó gbé ẹ́ńjìnnì pupa náà dè mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ Ìyá Zipporah, ó fi àpótí gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè, ó fọwọ́ yí táyà. Ẹ́ńjìnnì náà hó: prrrrrr! Táyà ń yí bí òòyì. Báṣírù na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gba ìyìn.

"Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?" Ìyá Zipporah pariwo bi í, kí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ́ńjìnnì.

"Kí ni òjò fẹ́ fi í ṣe? Òjò kì í ṣe nǹkan kan fún un!"

Ìyá Zipporah gbé kẹ́tùlù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó yí i dà sórí táyà. Rólà ń yí. Táyà dúró. Rólà ń yí, ó ń pariwo, ó ń yọ̀ lórí táyà bí ẹsẹ̀ lórí ewédò, ṣùgbọ́n táyà ò mira.

"Ó ń pariwo, kò sì lọ síbì kankan," Ìyá Zipporah sọ. "Alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa gẹ́lẹ́ nìyí."

"Ìyá! Omi àlùwàlá mi lẹ dà nù yẹn!"

"Má bínú, ọmọ mi. N ó pọn òmíràn fún ọ. Gbé èyí kúrò lára kẹ̀kẹ́ mi."

Báṣírù tú u, kò wojú rẹ̀. Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ewé. "Èyí wá ńkọ́? Èyí ò fara tì táyà. Ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ló tì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́líìtì."

"Bó bá tì, kí lo wá gbé e kalẹ̀ fún?"

"Kò tì! Bẹ́líìtì! Ìgbànú, Ìyá! Wọ́n fi ìgbànú so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn!"

"Ooo, ìgbànú." Ìyá Zipporah wo ìbàdí Báṣírù. "Bíi tìrẹ yẹn? Ihò tóo ń lò nígbà tóo rà á, ṣé òun náà lo ṣì ń lò?"

Báṣírù wo ikùn ara rẹ̀. "Rárá o, ó ti sún síwájú díẹ̀."

"Ìgbànú a máa fà."

"Ìgbànú kọ́ ló fà, Ìyá, èmi ni mo sanra!"

"Èmi náà sanra. Èmi náà sì ni ìgbànú yẹn fẹ́ gbé gun òkè Àgọ́." Ó fa àpótí náà, ó jókòó lé e. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Báṣírù, jókòó. Bí mo bá fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti pè mí, nígbà míì tí mo bá dé, ọmọ ti délẹ̀, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, á máa wò mí bí ẹni tó ń bi mí pé, 'Ìyá, ta lẹ ń wá o?' Ìyẹn la fi ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí a kì í fi rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí nítorí Leah, ìyàwó àgbẹ̀ kan lójú ọ̀nà Àgọ́. Òjò ń rọ̀. N kò lè wa kẹ̀kẹ́ gun òkè, mo sọ̀kalẹ̀, mo ń tì í nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló pa á, Báṣírù. Mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ yẹn dúró."

Báṣírù yọ́ ojú wo àpò kòkó tó wà ní kọ̀rọ̀, ó sì tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀.

"N kò wá arẹwà," Ìyá Zipporah sọ. "Èyí tó máa gbé èmi àti àpò mi gun òkè nínú òjò, tí kò ní kú sábẹ́ mi, ni mo ń wá. Kí ló wà lábẹ́ àpò kòkó yẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Kẹ̀kẹ́ tèmi ni. Kì í ṣe títà."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lọ́rì agbégẹdú kan ló ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè, tó ń lọ sínú igbó. Làmídì tó ń wà á kò dúró, torí pé bí lọ́rì náà bá dúró, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí yóò tún ṣí. Ó yọ orí síta, ó fi gbogbo ọ̀fun kígbe: "Báṣírù o! Asimawu ìyàwó ẹ ti ń rọbí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ l'Ágọ̀ọ́! Agbẹ̀bí ibẹ̀ ti lọ s'Íjẹ̀bú-Òde! Ìyá rẹ̀ ní ọmọ náà dábùú! Gbé agbẹ̀bí wá kíákíá!" Lọ́rì kọjá. Eruku bo ẹnu ọ̀nà.

Ohùn rédíò bọ́ lẹ́nu Báṣírù. Ìjẹ̀bú ló kù. "Yéè! Ulé! Ulé ìyá rẹ̀ ló wà o! Yéè!"

Ìyá Zipporah ti dìde, àpò rẹ̀ ti wà léjìká. "Ọkọ̀ èrò ńkọ́?"

"Wọn ò ní gbéra àfi bó bá kún, Ìyá!"

"Ó dáa. Gbé pupa, ká máa lọ."

"Pupa kẹ̀? Pupa wà fún ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ!"

"Aláwọ̀ ewé ńkọ́?"

"Ìyẹn wà fún ẹni tí kò fẹ́ dé!"

Báṣírù fo ìgbésẹ̀ kan dé kọ̀rọ̀, ó ṣí àpò kòkó náà dà nù. Kẹ̀kẹ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dúdú kan tí kò dán rárá so mọ́ ọn láàárín, ó tóbi, ó wúwo, ṣéènì kan tó nípọn so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

"Kí ni dúdú yìí?"

"Fọ́ọ̀-sìtíróòkù ni. Ẹ gorí kárià, Ìyá!"

"Ṣé ọ̀lẹ tóo sọ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Irọ́ ni mo pa! Òun nìkan ni mo ní, n kò fẹ́ tà á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè!"

Ìyá Zipporah gorí kárià. Kárià ké. Báṣírù fi pẹ́dà wa kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì dúdú dáhùn: tù, tù, tù, tù! Kò hó, kò fọn. Bí àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló rí.

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òrù tí òjò fi dé.

"Báṣírù, èyí kò yára tó pupa!"

"Kò yára, Ìyá. Ó ń lọ ni!"

"Òróró rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ti pò ó?"

"Kò sí pípò níbẹ̀! Òróró wà ní ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀, epo wà nínú táǹkì lókè. Wọn kì í pàdé!"

"Bí ìyálé àti ìyàwó tó gbọ́n."

"Àní sẹ́! Bí ẹ bá ti ń bu òróró tuntun sí i lásìkò, kì í dá èèyàn lágara!"

Wọ́n kọjá ojú ọjà, àwọn èèyàn tó ya sábẹ́ páànù ń wò wọ́n. Aṣọ funfun Ìyá Zipporah ti di aláwọ̀ ilẹ̀ pupa láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Báṣírù ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, torí pé bó bá dákẹ́, yóò ronú.

"Ìyá, ẹ tún bi mí ní nǹkan kan! Ẹ jọ̀ọ́!"

Ó yé Ìyá Zipporah. Ó bi í pé: "Ẹ̀ẹ̀mẹrin tó ń gbéra yẹn, kí ni mẹ́rin tó ń ṣe gan-an?"

"Á kọ́kọ́ fa epo àti afẹ́fẹ́ sínú. Á fún un pọ̀. Á ṣáná sí i. Á wá tú èéfín dà síta. Fà, fún, ṣáná, tú! Ó ń mí dáadáa láàárín iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè gbóná, tó sì fi ń pẹ́!"

"Fà, fún, ṣáná, tú." Ìyá Zipporah mi orí lẹ́yìn rẹ̀. "Ohun tí mo ń kọ́ àwọn aboyún láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn."

"Àmọ́ iná ò sí ní tiwọn, Ìyá!"

"Ẹni tí kò bímọ rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Òkè Àgọ́ yọ síwájú wọn, omi ń ṣàn bọ̀ láti orí rẹ̀ bí odò. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn. Tù... tù... tù... Báṣírù tẹ̀ síwájú.

"Bísímílláhi! Bísímílláhi!"

"Jèhófà!" Ìyá Zipporah ké lẹ́yìn rẹ̀, ó mi ejìká. "Jèhófà, gbé e sókè!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mì! Kárià!"

"Àdúrà tiwa kì í gbà láìmira!"

"Ẹ gbà á díẹ̀díẹ̀ nígbà náà!"

Táyà ẹ̀yìn yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó tún fìdí múlẹ̀. Ṣéènì di eyín irin mú, kò jù ú sílẹ̀. Tù... tù... Báṣírù fi ẹsẹ̀ kún un lórí pẹ́dà. Ojú ọ̀nà rọra ń tẹ́jú, ó ń tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì sì padà sí ohùn rẹ̀ àtijọ́: tù, tù, tù, tù.

"Ìyá! A ti gun ún! Ta ni wọ́n gbọ́ tiẹ̀, ẹ̀yin ni tàbí èmi?"

"Ṣéènì ni wọ́n gbọ́ tiẹ̀. Máa wà á lọ."

Kẹ̀kẹ́ kò tíì dúró nílé ìyá Asimawu tí Ìyá Zipporah fi bọ́ sílẹ̀, ó sì sáré wọlé bí ọmọge. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ Báṣírù lójú. Òjò ń rọ̀ sí i lórí.

"Ìyá! Ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i," ohùn Ìyá Zipporah wá láti inú. "Dákẹ́."

"Ṣé ó dábùú lóòótọ́?"

"Ó dábùú. Mo ń yí i. Dákẹ́, Báṣírù."

"Ṣé ó ń yí?"

Báṣírù gbọ́ ohùn Asimawu, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan. Báṣírù tó mọ ohun gbogbo kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó gbé e lé orí, ó gbé e lé àyà, níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń wo ìlẹ̀kùn. Ojú kan tí wọ́n fi aṣọ bò kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ká ní ó ti ta dúdú yìí fún Ìyá Zipporah lọ́dún tó kọjá ni, bóyá. Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ ké nínú ilé.

"Ọkùnrin ni!" Ìyá Zipporah kígbe. "Ìyá rẹ̀ wà láàyè, ó ń béèrè omi!"

"Àlùhámúdùlíláì!" Báṣírù forí kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti pupa ju ẹ́ńjìnnì lọ. "Ìyá, ẹ gbọ́! Ẹ́ńjìnnì dúdú ti di tiyín! Lọ́la ni n ó tú u kúrò lára kẹ̀kẹ́ mi, òun àti ṣéènì rẹ̀, n ó dè é mọ́ tiyín!"

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Èmi á máa gun pupa. Kí ni mo tún fẹ́ fi dúdú ṣe? Ọkàn mi ti balẹ̀. Ọmọ mi kan ṣoṣo ti dé, n kò sì ní aboyún tó ń dúró dè mí níbì kankan mọ́."

"Báṣírù."

"Ìyá?"

"Má tíì sọ̀rọ̀ jù."

Ẹlòmíràn ké nínú ilé. Ohùn tirẹ̀ tínrín, ó sì mú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ìyá! Ta ló tún ń ké yẹn?"

"Obìnrin ni. Kẹ́hìndé dé."

"Ìbejì!" Báṣírù fò sókè, fìlà rẹ̀ bọ́. "Ìbejì o! Ẹ̀yin ará Àgọ́, ẹ gbà mí o! Ìbejì!" Ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìẹ tó ti sá fún òjò fi tú ká sínú òjò padà, tí ilé kejì àti ilé kẹta sì ṣí fèrèsé.

Ìyá Zipporah náà ṣí tirẹ̀. Ó yọ orí síta, ó fi ìka lé ètè.

"Báṣírù, bóo bá tún pariwo báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ kẹta tí kò sí nínú ikùn gan-an á jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀."